Aṣọ Tí Mo Fọ̀

Ìwé pélébé tí a pín níbi ìsìnkú Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, èmi ni mo kọ ọ́. Mo rí ẹ̀dà kan nínú àpótí ìwé mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì kà á bí mo ṣe máa ń ka iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, pẹ̀lú báírò pupa lọ́wọ́. Mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn méjì. Èkínní sọ pé Yèyé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Èkejì sọ pé òun ni Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní Emùré títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kọ wọ́n. Ojú ń tì mí nígbà náà ni, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn sì wà láyé, wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú wa.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ó yẹ kí n tún iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìjà bẹ̀rẹ̀. Yèyé máa ń jà, kì í sì í fi pamọ́. Ó bá oníyàwòrán jà nítorí pé ó ní kí ó rẹ́rìn-ín. Ó bá ọkọ mi jà ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa nítorí pé ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kátíkíìsì tí a ní nígbà kan máa ń sáré ka Bíbélì bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, láti orí bẹ́ǹṣì iwájú, Yèyé sọ̀rọ̀ sókè láìdìde: “Bàbá, ẹ rọra kà á. Pọ́ọ̀lù ò fẹ́ wọ mọ́tò.”

Bẹ́ǹṣì iwájú yẹn, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni ibi ìjókòó Ìyá Ẹgbẹ́. Yèyé ló ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ìwé girama. Kò ní ohun mìíràn láyé tó ń mú inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì náà, á sì jókòó sórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ṣófo. Mo bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní: “Mo ń wò ó bóyá ó ṣì mọ̀ mí ni.”

Èdè Emùré ni Yèyé ń sọ. Bí mo bá kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, yóò le fún ẹni tí kì í ṣe ará wa, nítorí náà Yorùbá ilé-ìwé ni mo fi kọ ọ́ síbí, àfi ọ̀rọ̀ kan tí ọwọ́ mi kọ̀ láti yí padà. Ulé ni Yèyé ń pe ilé. Bí mo bá kọ ọ́ ní ilé, kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Òun ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, mo sì di ọmọ Yèyé. Ó ní ìwà kan tí àwọn ọmọ àdúgbò fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́: kì í kọjú sí ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà. Ìgbà kan wà tí mo fọ́ ife tánganran rẹ̀, tí mo sá pamọ́ sẹ́yìn àká. Kò pè mí. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí ibi tí kò jìnnà sí mi, ó kẹ̀yìn sí mi, ó sì ń bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ. Ó bó o títí oòrùn fi kúrò lójú àgbàlá. Èmi fúnra mi ni mo jáde, tí mo lọ jẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo di olùkọ́, tí mo ń fi pàṣán mú ọmọ jẹ́wọ́, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kàn wá fà mí jáde. Ó ní: “Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, a kì í wò ó lójú.”

Ọ̀kánkán ilé wa ni ilé Màmá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wà. Ọ̀nà tí mọ́tò kan ṣoṣo lè gbà kọjá ló wà láàárín wa. Opó ni, ọmọ kan tó bí ti kú ní kékeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ará àdúgbò wa tó ń rà á. Ìkẹ́rẹ́ ló ń gbé e lọ, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àjẹ́ ni. N kò rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ńṣe ló dà bí ohun tí mo bá láyé. Bí ó bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, èmi á bọ́ sí apá òsì. Òun àti Yèyé kì í kí ara wọn. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, àwọn obìnrin méjì yìí ń gbá ojú ọ̀nà láràárọ̀, ọwọ̀ ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ti èkejì, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé nítorí korobá ni, ní ìdí kànga. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè bóyá korobá kan lè gba omi ọgbọ̀n ọdún.

Màmá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kú ní ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí fáìlì àwa olùkọ́ ṣì ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí Adó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń kọ́ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Yèyé ní Emùré, mo sì máa ń padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ti Èkó bọ̀ wálé lákòókò náà, wọ́n ní ìpínlẹ̀ tuntun yóò nílò ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn ni Sámù, ọmọ àbúrò ọkọ Màmá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Òun ló jogún ilé náà, ó sì bá ológbò kan níbẹ̀.

Ológbò aláwọ̀ eérú ni, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò mọ ẹlòmíràn láyé ju olówó rẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ ìsìnkú tó parí, Sámù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ lókò. Wọ́n da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn, irun ibẹ̀ sì bó. Ó sá sínú àjà. Sámù búra pé kí òun tó fi ọ̀dà kun ilé náà, òun yóò pa á, nítorí pé ẹ̀mí àjẹ́ olóògbé ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn, èmi náà kò sì bá a jiyàn.

Mo fẹ́ ṣe àtúnṣe díẹ̀ níbí fún àwọn ọmọ wa tó ń sọ káàkiri pé Yèyé fẹ́ràn ẹranko. Kò fẹ́ràn ológbò. Ó ní ológbò máa ń wo ènìyàn bí ẹni tó ní ìbéèrè kan. Èyí ló mú kí ẹnu yà mí ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nígbà tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ onídèérí, ó mú ẹja gbígbẹ, ó sì ré ọ̀nà náà kọjá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Sámù bá a lẹ́nu ọ̀nà. “Màmá, ẹ kú àárọ̀. Kí lẹ ń wá, mà?”

“Ológbò yín.”

“Ẹran àjẹ́ ni o, mà.”

“Tí mo bá gbé e lọ nígbà náà, o ò ní í wá béèrè rẹ̀.”

Ó jókòó sábẹ́ ẹnu àjà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó kẹ̀yìn sí i, ó gbé ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Èmi dúró ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, mo ń gbàdúrà pé kí ó parí rẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó ti oko dé. Nígbà tí ebi ti ológbò náà sọ̀ kalẹ̀, Yèyé pa ìdérí dé, ó sì fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀ náà kí ẹranko náà má baà rí ọ̀nà. Bí a ṣe ń gbé ológbò kúrò nílé nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e ni ẹnìkan kò mọ ìdí rẹ̀. Ó nawọ́ sí ìró àdìrẹ kan tí Màmá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fi kọ́ sára ìṣó, èyí tó ń ró nínú ilé kí ó tó kú.

“Fún mi ní aṣọ yẹn. Má fọ̀ ọ́.”

Igi ni Sámù fi gbé e, tí ó fi jù ú sí i.

Yàrá tí Yèyé ń kó èlùbọ́ sí ni ó fi ológbò náà sí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ lélẹ̀, ó tẹ́ ìró náà sínú rẹ̀, ó sì ti fèrèsé pa. Ẹranko náà sá sẹ́yìn àpò èlùbọ́, kò sì jáde. Mo ní kí a so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ilé mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Mo tilẹ̀ ti mú okùn wá. Yèyé gba okùn náà lọ́wọ́ mi, ó fi so ẹnu àpò èlùbọ́ kan tó ṣí sílẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a so mọ́lẹ̀ kò tíì dé ulé.”

Lọ́wọ́ mi náà ló ti gba ṣọ́ọ̀kì. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá náà, ó kẹ̀yìn sínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Nígbà tí ó dìde, ó fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sí ibi tí ẹsẹ̀ àpótí náà wà lórí sìmẹ́ńtì. Ní ọjọ́ kejì, ó sún un wọlé ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, ó sì fa ìlà mìíràn. Wákàtí kan náà ni, lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ohùn kan náà ló fi ń sọ̀rọ̀, kì í sì í sọ ju kí ó kí i: “Àlejò, a kú ìjókòó o.” Àlejò ni ó ń pè é. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹja tí ó gbé sílẹ̀ wà bó ṣe wà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bá abọ́ lófo. Nígbà tí mo dé ní ọjọ́ Ẹtì, ìlà ti di mẹ́fà, ológbò náà sì ti ń sùn nínú apẹ̀rẹ̀, ó ti imú rẹ̀ bọ inú ìró náà.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n wá. Màmá Tẹ́lọ̀, tí ó jẹ́ igbákejì Yèyé nínú ẹgbẹ́, ló ṣíwájú àwọn obìnrin méjì. Ènìyàn dáadáa ni Màmá Tẹ́lọ̀; òun ló rán gbogbo yúnífọ́ọ̀mù tí mo wọ̀ lọ sílé-ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ kú ilé, mà.”

“Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ bá mi fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnìkan ń sùn.”

“Nítorí ẹni náà la ṣe wá, mà. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀.”

“Ṣé wọ́n ti sọ tán?”

Màmá Tẹ́lọ̀ wo àwọn tó bá a wá. “Wọ́n ní ẹ gba aṣọ tí olóògbé ró kó tó kú, ẹ ò sì jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.”

“Ológbò ló ń sùn lé e.”

“Mà, Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ̀yin lẹ máa gbé apẹ̀rẹ̀ èso ṣíwájú wa lọ síbi pẹpẹ. Báwo la ṣe fẹ́ tẹ̀ lé yín, tí irú nǹkan báyìí wà nílé yín? Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí ó kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Tí kò bá kúrò, ẹgbẹ́ á ní láti wá ẹlòmíràn.”

Yèyé kò jà. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ó sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà, ó padà wá, ó sì mú àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀. Mo ní, “Yèyé, ẹ rò ó dáadáa. Ológbò lásán ni.” Kò wò mí. Ó ní: “Mo mọ ohun tí ó jẹ́, Tíṣà. Ìwọ lo ò tíì mọ̀ ọ́n.” Tíṣà ni ó máa ń pè mí tí mo bá ti ṣe àṣìṣe.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń rò ó ní Ìkẹ́rẹ́. Mo rò ó bí olùkọ́ ṣe ń ro nǹkan: kí ni ìṣòro náà, kí la lè mú kúrò nínú rẹ̀? Ó dà bí ẹni pé ìró náà ni. Tí a bá fọ̀ ọ́, tí a sá a sójú oòrùn níwájú ilé níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i, ọ̀rọ̀ dé ibi tó parí sí. Ó sì ń rùn. Nígbà tí mo dé Emùré, ìlà ṣọ́ọ̀kì ti di mẹ́tàlá. Ó ku díẹ̀ kí àpótí Yèyé kan apẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Yèyé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ nu bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo wọ yàrá èlùbọ́. Ológbò náà sá sẹ́yìn àpò. Mo mú ìró náà, mo fi ọṣẹ ìyẹ̀fun rẹ ẹ́, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì sá a sórí okùn ní ojú ọ̀nà. Màmá Tẹ́lọ̀ kọjá, ó rí i, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi: “Tíṣà, o ṣeun o, ọmọ dáadáa.” Inú mi dùn. Nígbà tí ó gbẹ, mo ká a dáadáa, mo tẹ́ ẹ padà sínú apẹ̀rẹ̀. Mo tún ṣí fèrèsé díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Mo sì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn kí n lè rí bí inú ológbò náà yóò ṣe dùn sí i.

Ó jáde nígbà tí ó yá. Ó gbé imú lé aṣọ náà. Ó tún gbé e lé e. Ó yí apẹ̀rẹ̀ náà ká, ó ń gbóòórùn igun kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó ké. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ẹranko. Ó fo lu ògiri, ó fo lu èmi, ó sì gba ojú fèrèsé jáde.

Nígbà tí Yèyé dé, mo ti to gbogbo àlàyé mi lẹ́sẹẹsẹ. Ó wọ yàrá náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìró náà sí imú bí ológbò náà ṣe ṣe. “Àbẹ̀kẹ́,” ó ní, kì í ṣe Tíṣà, “o fọ ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un dànù.”

Ó fi omi nu gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀kì náà kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí ìjókòó àti àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀, ó tún ré ọ̀nà náà kọjá.

Ibi tí Màmá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti máa ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ fún ọjà, lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ni Yèyé jókòó sí. A mọ̀ pé inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ológbò náà wà, nítorí pé Sámù ti rí i, ó sì ti gé igi. Yèyé sọ fún un pé tí ó bá fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, òun ni kí ó kọ́kọ́ gbé kúrò lójú ọ̀nà. Sámù wò ó, ó wo igi ọwọ́ rẹ̀, ó sì wọlé. Yèyé jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ológbò kò jáde.

Ọjọ́ kejì ni Ìkórè. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo sì lọ pè é. Ó ti wà lórí àtẹ̀gùn náà, ìró tó wọ̀ lánàá ló ṣì wà ní ìdí rẹ̀.

“Yèyé, agogo ti dún.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ibi ìjókòó yín ńkọ́?”

“Ṣé bẹ́ǹṣì náà ń bẹ̀rù ni? Á dúró dè mí.”

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo jókòó tì í. N kò jókòó tì í. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rí bí wọ́n ṣe gbé apẹ̀rẹ̀ èso lé Màmá Tẹ́lọ̀ lọ́wọ́, tí ó wá ń ṣíwájú wọn lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ gba ojú ọ̀nà wa kọjá, ó tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n dúró níwájú àtẹ̀gùn náà. Màmá Tẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ìyá Ẹgbẹ́, a retí yín títí. Wọ́n fi orin falẹ̀ nítorí yín.”

“Mo gbọ́ orin náà níbí. Ẹ kọ ọ́ dáadáa.”

Sámù yọ jáde láti ẹ̀yìn Yèyé. “Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n dìde, ẹ̀yin màmá wa. Láti àná ni mi ò ti lè wọlé jáde bó ṣe wù mí.”

Yèyé kò yíjú. “Sámù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta ni o jẹ ní kékeré tí o fi ga tó báyìí?”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn obìnrin náà.

“Mà,” ni Màmá Tẹ́lọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, “ẹ má bínú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀.”

Yèyé gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Ta ló sọ fún ìlú?”

Yèyé fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

“Èmi ni. Nígbà tí ìyá Àbẹ̀kẹ́ yìí ń ṣàìsàn, ọ̀nà ibòmíràn ni gbogbo yín ń gbà. Obìnrin yìí ló se ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún un. Ọmọ mi jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Mo lọ pọn omi tí a máa fi wẹ̀ ẹ́. Obìnrin yìí bá mi ní ìdí kànga, ó fẹ́ bá mi gbé korobá. Mo já a gbà, mo sì pè é ní àjẹ́ tó pa ọmọ mi. Ọmọ mi ti kú, mo ń wá ẹni tí màá dì í rù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà. Ó yẹ kí n lọ gbà á padà lọ́jọ́ kejì. Ojú tì mí. Nígbà tó di ọdún kejì, ojú tì mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wá fi mí jẹ Ìyá Ẹgbẹ́.” Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. “Mi ò rí i bẹ̀ kó tó kú. Ológbò rẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè bẹ̀.”

Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú Bíbélì mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bọ́ sí apá òsì ọ̀nà fún obìnrin tó fún ìyá mi ní oúnjẹ ìkẹyìn.

Màmá Tẹ́lọ̀ ti ń sunkún. “Mà, kò yẹ kí ẹ sọ irú èyí lójú títì.”

Yèyé ní: “Ojú títì ni mo ti sọ ti àkọ́kọ́.”

Wọ́n tú ká ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹnìkan kò kọrin. Sámù ju igi rẹ̀ sínú koto. Ológbò kò jáde ní ọjọ́ náà pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Ajé, n kò padà sí Ìkẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n kò pa ilé-ìwé jẹ rí. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ onídèérí náà àti ìró mímọ́ kan ré ọ̀nà kọjá, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, mo kẹ̀yìn sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń bá Yèyé bó ẹ̀gúsí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ní wákàtí tí òun àti ológbò náà jọ máa ń jókòó, Yèyé sọ lábẹ́ ohùn pé, “Àlejò, a kú ìjókòó o,” mo sì mọ̀ pé ó ti dé. N kò wò ó. Yèyé tú ìró tó ti wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó kún fún òógùn àti eruku ẹ̀gúsí, ó ró ìró mìíràn mọ́ ìdí, ó sì fi èyí tó tú tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀. A dúró títí ẹsẹ̀ fi kú mọ́ mi nísàlẹ̀. Nígbà tí Yèyé pa ìdérí dé, apẹ̀rẹ̀ náà wúwo.

Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà pé kí Ìyá sinmi. Wọ́n sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni Yèyé ń jókòó sí láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní ọdún kejì. Kò nu bẹ́ǹṣì mọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dùn ún. Ó ní: “Ó dùn mí. Ó sì tọ́ sí mi.”

Nígbà tí ó kú, ológbò náà wọ abẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sì jẹun. Àwọn obìnrin wá láti fọ àwọn aṣọ rẹ̀ kí a tó pín wọn. Màmá Tẹ́lọ̀ ló mú ìró tó wà lórí ibùsùn náà. “Tíṣà, jẹ́ kí n bá ẹ fi èyí sínú omi.”

“Rárá, mà. Ẹ má fọ̀ ọ́.”

Ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ náà àti ológbò inú rẹ̀ dé ibùdókọ̀.

Èyí ni àtúnṣe mi. Yèyé bá ènìyàn kan jà, ó jẹ̀bi, ó sì pẹ́ kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ nígbà tí ó kú. Bí mo bá tún ìwé náà tẹ̀, ohun tí yóò wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ní Ìkẹ́rẹ́, mo fi ológbò náà sí yàrá tí mo ń kó ìwé sí, mo ti fèrèsé, mo sì gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo kẹ̀yìn sínú, mo ń máàkì ìwé ìdánwò. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, mo ń fa ìlà ṣọ́ọ̀kì kan, mo sì ń sún àga náà ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Ó pẹ́ ju ti Yèyé lọ, nítorí pé ológbò náà mọ ẹni tí mo jẹ́. Ní ìlà kọkànlélógún, nǹkan kan fara ra ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi.

N kò wò ó.